Fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú ti kúrò nínú bàálù, ó ti dé ilé yín

Tẹ́lẹ̀, bí bàálù bá ti fẹ́ máa balẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì ìwọ̀lú kiri, èyí tí àlejò máa ń kọ kó tó wọ orílẹ̀-èdè. Ẹ ó fa tábìlì kékeré iwájú yín sílẹ̀, ẹ ó wá bírò títí, ẹ ó fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ yín, lẹ́tà kan sínú àpótí kan. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ìṣojú yín ni òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de ti máa rí i. Á béèrè, ẹ ó dáhùn, á fi bírò tún un ṣe. Ó parí.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, káàdì yẹn ò sí mọ́. Singapore dáwọ́ ti bébà dúró ní 2020. Malaysia sọ MDAC, káàdì ìwọ̀lú tí wọ́n ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, di dandan ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Thailand bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, TDAC, ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Philippines sì ń lo irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní eTravel. Àmọ́ iṣẹ́ kíkọ ò dín kù o. Ilé yín ló kó lọ, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa sọ fún yín pé ẹ ti ṣì í kọ. Àṣìṣe tí ẹ bá ṣe lónìí, ó di iwájú tábìlì òṣìṣẹ́ kó tó jáde.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ kà. Ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó dé ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á bákan náà níbi gbogbo. Singapore ka ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀ mọ́ ọn: ẹni tó máa dé ní ọjọ́ 10 lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 8. Ọjọ́ tí wọ́n ń béèrè ni ọjọ́ tí bàálù máa balẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbéra. Bàálù tó bá gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́, ọjọ́ kejì ló máa balẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà, nọ́ńbà bàálù tó kẹ́yìn, èyí tó máa gbé yín wọ orílẹ̀-èdè náà, ni kí ẹ kọ.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni orúkọ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù. Ẹ ṣí páásípọ́ọ̀tù yín sí ojú ewé tí àwòrán yín wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí ìlà méjì tó kún fún lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì yìí: <. Àmì 44 ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wà nínú ìlà kìíní: orúkọ ìdílé ló ṣáájú, àmì < méjì tẹ̀ lé e, kí orúkọ yòókù tó wọlé. Bí ẹ kò bá dá a lójú èwo ni kí ẹ kọ sí ibi orúkọ ìdílé, ibẹ̀ ni kí ẹ wò, torí ohun tí ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ máa kà nìyẹn. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kì í wọ ibẹ̀, ẹ má fi wọ́n sínú fọ́ọ̀mù.

Nínú ìlà kejì, àyè mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni ti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù. Ẹyọ kẹwàá kì í ṣe ara rẹ̀. Nọ́ńbà àyẹ̀wò ni: ẹ̀rọ máa ń mú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi 7, 3 àti 1 sọ wọ́n di púpọ̀ ní títẹ̀léra, á ro wọ́n pọ̀, á sì fi 10 pín in. Ohun tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ bá ẹyọ kẹwàá mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ̀rọ ti mọ̀ pé òun ṣì í kà. Ẹni tó bá da nọ́ńbà rẹ̀ kọ láti ìlà yìí sábà máa ń kó ẹyọ yẹn mọ́ ọn, nọ́ńbà á wá gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú ewé lókè ni kí ẹ ti dà á kọ. Ẹ fara balẹ̀ wo lẹ́tà O àti òdo, lẹ́tà I àti 1. Bí ẹ bá ń fọwọ́ tẹ nọ́ńbà sínú fọ́ọ̀mù, kò sí nọ́ńbà àyẹ̀wò tó máa ta yín lólobó. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ ló máa gbà. Bí ìkànnì náà bá jẹ́ kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù ya ojú ewé yẹn, ẹ lò ó, kí ẹ sì tún fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sì ti gba páásípọ́ọ̀tù tuntun, nọ́ńbà tuntun ni kó kọ, kódà bí físà rẹ̀ bá ṣì wà nínú ti àtijọ́.

Ìbéèrè aṣọ́bodè ní tirẹ̀ gba àfiyèsí tó yàtọ̀, èyí sì ni mo rò pé àwọn èèyàn kì í rò jinlẹ̀ tó. New Zealand máa ń jẹ́ kí ẹ kọ NZTD, fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú tiwọn, láti wákàtí 24 kí ìrìn àjò yín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sílé, wọ́n bi yín bóyá ẹ gbé oúnjẹ tàbí èso dání, ẹ ní rárá. Òótọ́ ni. Ó di inú bàálù, wọ́n fún yín ní ápù kan, ẹ fi sínú báàgì pé ẹ ó jẹ ẹ́ tó bá yá. Ẹ balẹ̀ pẹ̀lú ápù yẹn, ohun tí ẹ kọ ti di irọ́, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ 400 dọ́là New Zealand. Nígbà tó jẹ́ bébà, inú bàálù ni ẹ ti ń kọ ọ́, èso náà wà níwájú yín. Nítorí náà, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò, ẹ tú báàgì yín wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ju oúnjẹ sínú garawa tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún un, tàbí kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́.

Owó náà kò gbẹ́yìn. Amẹ́ríkà fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ bí owó ọwọ́ yín bá ju 10,000 dọ́là lọ. Ní ẹnubodè European Union, bó bá ti tó 10,000 yúrò ni.

Bí ẹ bá parí, QR code máa wọ ímeèlì yín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ímeèlì. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, torí bátìrì lè kú, íntánẹ́ẹ̀tì pápákọ̀ òfurufú sì lè má wọlé. Ibi tí ẹ ti máa gbéra gan-an ni wọ́n ti lè kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, nígbà tí ẹ bá ń gba káàdì ìwọkọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú.

Ọ̀fẹ́ ni káàdì Singapore, Malaysia, Thailand àti Philippines. Ìkànnì tó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ jáde níbẹ̀. Ti Thailand ni tdac.immigration.go.th, ti Philippines ni etravel.gov.ph. Ẹ fúnra yín tẹ àdírẹ́sì náà, torí ìpolówó ló sábà máa ń wà lókè bí ẹ bá wá a lórí Google. Káàdì yìí kì í sì í ṣe físà. Ẹni tó bá nílò físà ṣì máa gbà á.

Àwọn ibì kan wà tí ẹ kò ní kọ ohunkóhun ṣáájú. Láti 2013 ni Amẹ́ríkà ti dáwọ́ I-94, káàdì ìwọlé tiwọn tí a ń fọwọ́ kọ, dúró fún àwọn tó ń bá bàálù wọlé. Bí ẹ bá ti wọlé tán, ẹ lọ sí i94.cbp.dhs.gov, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín dà. Ní Yúróòpù, EES, ètò tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣàkọsílẹ̀ ìwọlé àti ìjáde àwọn àlejò, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 láti rọ́pò òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tù: wọ́n á ya ojú yín, wọ́n á gba ìtẹ̀ka mẹ́rin, àfi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 tí wọn kì í gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń pẹ́, ẹ má ra bàálù kejì tó máa gbéra kíákíá lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀.

New Zealand àti Japan ṣì ń gba bébà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tí kò ní ímeèlì ò yẹ kó wá ẹni tó máa bá a tẹ fóònù kó tó lè lọ kí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí bébà ò ti sí mọ́, ẹni tó bá bá a kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ímeèlì tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣí sí i, kó tẹ QR code náà jáde, kó sì fi há àárín páásípọ́ọ̀tù màmá.