Àlejò, onílé àti òfin: ohun tí ojú mi rí ní Kétu

Ọdún kọkànlá rè é tí mo di àdìrẹ mi lẹ́rù láti Abẹ́òkúta, tí mo gba Ìmẹ̀kọ wọ Kétu. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni, Bẹ̀nẹ̀: séfà là ń ná, Faransé ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Ìbejì" náà ni mò ń gbọ́. Bàbá kan wà ládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, ó wà lára àwọn sójà Bẹ̀nẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó lọ sí Kóńgò. Tó bá di alẹ́, á gbé rédíò rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, rédíò ń sọ bí àwọn Taliban ṣe ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé girama mọ́ àwọn ọmọbìnrin láti ìgbà tí wọ́n ti padà gbàjọba ní Afghanistan ní 2021. Bàbá mi orí.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ogún ọdún ni òyìnbó lò níbẹ̀, wọ́n ń kọ òfin obìnrin. Wọ́n kẹ́rù wọn, òfin bá wọn lọ. Bí Àjọ Àgbáyé bá gbé ìjọba fìdíhẹẹ́ lé orí ìlú tí ogun bàjẹ́, kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀daràn, kí wọ́n bá wọn ṣètò ìbò, kí wọ́n máa lọ. Ọ̀rọ̀ obìnrin àti ti àwọn akọsákọ, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, onílé ló ni ín."

Mi ò tètè dáhùn. Ó ti débi tí ogun wà, èmi ò débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí mò ń gbé.

Ọdún kẹta tí mo dé ni onílé mi kú. Obìnrin mẹ́rin àti ọkùnrin kan ló bí. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí àwọn àbúrò rẹ̀ fi kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀, àṣà ni. Àkọ́bí rẹ̀, tó ń ta gàrí, kò bá wọn jà. Ó wọlé, ó mú ìwé kan jáde nínú ọ̀rá dúdú. Etí ìwé náà ti ká, epo ti ta sí i. Kò mọ Faransé kà. Ìka ló fi tọ́ ibi tí ẹnì kan ti fi bírò pupa fàlà sí nídìí fún un: ọmọ ọkùnrin, ọmọ obìnrin, ọgbọọgba ni ìpín wọn. Òfin ẹbí ti Bẹ̀nẹ̀ ni, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ 2004. Ẹjọ́ náà lé ní ọdún méjì, ojú wọn rí màbo, àwọn ẹbí kan ò sì kí wọn títí dòní. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ wọn ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí.

Mo wádìí ibi tí òfin yẹn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn aṣòfin kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní 2002, wọ́n fàyè sílẹ̀ fún ọkùnrin láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpilẹ̀ ní ojúsàájú ni, kí wọ́n lọ tún un ṣe. Kí ni àwọn adájọ́ gbára lé? Òfin ìpilẹ̀ ọdún 1990, tó sọ ní ìsọ̀rí 26 pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba lójú òfin. Abẹ́ ìjọba fìdíhẹẹ́ ni wọ́n sì ti kọ ìyẹn, lẹ́yìn àpérò gbogbogbòò ti Kútọnu ní oṣù kejì 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀. Ìjọba tó wá fún ìgbà díẹ̀ ló gbin ohun tí ọmọ onílé mi kórè.

Òótọ́ ni, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ló kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n "àṣà" tí àwọn àbúrò bàbá ń pè yẹn ńkọ́? Ní 1931, ìjọba amúnisìn Faransé ṣe ìwé kan, wọ́n ní àkójọ àṣà Dahomey ni, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ kankan lójú òfin, pé òun fúnra rẹ̀ wà lára ẹrù tí wọ́n ń jogún. Wọ́n kọ èyí mọ́ wa lára, Kétu níbí tí wọ́n ń pè ní orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí ọkùnrin tó dàgbà ti ń gbé ère borí, tó ń di ọmú àti ìdí sára, tó ń jó kí inú àwọn ìyá wa lè dùn! Ó di 1996 kí ilé ẹjọ́ tó sọ pé ìwé náà kì í ṣe òfin mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yéé pe gbogbo ohun tó ń ni obìnrin lára ní ti onílé, ká wá pe gbogbo ohun tó gbà á sílẹ̀ ní ti àlejò.

Nígbà tí Bàbá tún dé, mo sọ ti East Timor, ìlú kan ní ilẹ̀ Éṣíà, fún un. Àjọ Àgbáyé ló ṣe ìjọba ibẹ̀ láti 1999 títí di 2002. Àwọn obìnrin ìlú náà bẹ̀ pé kí wọ́n ya ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún wọn nínú ìbò. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìdìbò àjọ náà fúnra wọn ló takò ó, ìgbìmọ̀ tí àjọ náà yàn sì dà á nù ní 2001. Onílé bèèrè, àlejò takò ó. Síbẹ̀, àwọn obìnrin náà jà fitafita, wọ́n wọlé ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá dákẹ́, ó ti fi àṣẹ gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ó ní ọmọ onílé ni kó tún orí náà ṣe. Mo ní Japan ńkọ́? Ní 1946, lábẹ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà, Beate Sirota, òyìnbó ọmọ ọdún 22 tó dàgbà sí Tokyo tó sì gbọ́ èdè wọn, ló kọ ẹ̀tọ́ obìnrin nínú ìgbéyàwó sínú òfin ìpilẹ̀. Títí dòní wọn ò tíì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú òfin náà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń pariwo ẹ̀tọ́ wọn kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni ìyàtọ̀ tí mo rí: òfin àlejò máa ń dúró níbi tí ẹnì kan ti ń retí rẹ̀ nínú ilé.

Lórí èyí, Bàbá rọ̀ díẹ̀. Orí àwọn akọsákọ ló ti dìde.

Ọmọkùnrin kan ń bá mi ránṣọ. Nàìjíríà ló ti wá. Kò sọ ohun tó lé e kúrò nílé, mi ò sì bi í. Òfin January 2014 lọ́hùn-ún ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ọkùnrin tó bá gbé ọkùnrin níyàwó. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí àwọn èèyàn má na án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dé pẹ̀lú ètè tó wú, ó ní kí n fún òun ní omi iyọ̀. Ó ń fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí aṣọ oníbàárà, ó ń bẹ̀ mí nítorí aṣọ. Mùsùlùmí ni mí, mo mọ ohun tí ẹ̀sìn mi wí. Mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n lu ọmọ yẹn.

Ní Kosovo, ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí Àjọ Àgbáyé ṣàkóso lẹ́yìn ogun, òfin tí àjọ náà fọwọ́ sí ní 2004 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi irú ẹni tí èèyàn ń fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Ó di 2017 kí àwọn akọsákọ ibẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe ìrìn tí wọ́n ń pè ní Pride ní Pristina, olú ìlú wọn. Ọdún 13 nìyẹn. Òfin náà kò yí ọkàn aládùúgbò kankan padà lóòjọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀ dè wọ́n. Bí mo bá ní àṣẹ fún oṣù mẹ́fà péré nílùú kan, mi ò ní kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ láìkọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu irú ọmọ yìí.

"Ti ọmọ onílé yín, mo gbà," Bàbá wí. "Ti èyí, mi ò gbà o."

Mo ní kí Bàbá má gbà. Kí wọ́n ṣáà bá mi sọ fún àwọn ọlọ́kadà ìkóríta tó ń bẹ̀rù Bàbá pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Bàbá ò sọ pé àwọn á ṣe é. Wọ́n gbé rédíò wọn. Wọ́n ti dé ojú títì kí wọ́n tó yíjú padà, wọ́n ní ṣé ètè rẹ̀ ti san.