Ìwé tí mo ti kà, àti èyí tí mo fẹ́ kà lásìkò òjò yìí

Láti oṣù kìíní ọdún yìí ni mo ti ń kọ gbogbo ìwé tí mo bá kà sínú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan: ọjọ́ tí mo ṣí i, ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó bá dá mi dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí iléèwé wa ní Ṣágámù gba ọlidé, mo ka àkọsílẹ̀ náà láti òkè délẹ̀, ohun tí mo rí sì dùn mí. Ìwé 11 ni mo ti kà. 10 nínú wọn ló jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun ni mo fi ń jẹun.

Ẹyọ kan tó kù ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Ẹ̀dà ọwọ́ mi ti gbó, etí rẹ̀ ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi epo kùn ún. Nítorí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ti 1974, "aiye" àti "enia" ló kún inú rẹ̀, àmì ohùn kò sì tó nǹkan. Màámi, tí ojú wọn kò gbé ìwé mọ́, ní kí n máa kà á sókè fún àwọn. Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo pe orúkọ ọdẹ náà, Akara-ogun, bí ogun tí à ń jà. Wọ́n gbé abọ́ gàrí tí wọ́n ń mu kalẹ̀.

"Oògùn ni, ọmọ mi. Àkàrà-oògùn. Ta ló ń fi ogun dín àkàrà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ lórí ìwé náà, òun náà ló sì bí ohun tí mo fẹ́ ṣe lásìkò òjò yìí.

Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà níhìn-ín ní Rẹ́mọ, ló túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 1968. Ó tú orúkọ ọdẹ náà sí àpapọ̀ ọfọ̀. Oògùn ni òun náà gbọ́, bíi Màámi. Ṣùgbọ́n nínú àkọlé, ó ka àwọn irúnmalẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kànlénírínwó ni àwọn baba wa máa ń pè wọ́n. Lójú tèmi, dídùn ọ̀rọ̀ létí ló tẹ̀ lé níbẹ̀, n kò sì bá a jà. Mo fẹ́ gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí n máa ka ojú ìwé márùn-ún márùn-ún lálẹ́, kí n sì kọ gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní láti yà bàrá sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Igbó Olódùmarè, ìwé Fágúnwà ti 1949, níbi tí a ti rí Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn. Bí òjò bá ṣì ń rọ̀, màá ka ìwé tí Olóyè Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kọ nípa ìgbésí ayé ara wọn ní 1960.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé la ó bẹ̀rẹ̀. Màámi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ṣí ìwé kí àwọn tó jẹun tán.