Kí ẹ tó lọ fún ìsinmi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ọ́fíìsì tí iṣẹ́ kì í tán

Ọ́fíìsì tí mo ti pẹ́ jù lọ jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń wá gba owó tó tọ́ sí wọn. Bí ìwé kan bá pẹ́ jù lórí tábìlì, ẹnì kan wà níta tí kò rí owó ilé san. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán. Ẹ ò tíì parí ti òní tí ti ọ̀la ti dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń bẹ̀rù láti béèrè ìsinmi, tí àwọn mìíràn sì ń lọ tí ọkàn wọn ò kúrò nídìí tábìlì.

Ohun tí mo rí ni pé ìsinmi kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta ṣáájú ló ti máa ń dára tàbí kó ti bàjẹ́, ọwọ́ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì wà. Mo sì rí i pé ìgbà tí ẹlòmíràn bá lọ sinmi ni mo máa ń gbọ́n sí i lẹ́nu iṣẹ́, ju ìgbà tí wọ́n bá rán mi lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lọ.

Àgbà obìnrin kan wà ní ẹ̀ka wa, Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pè é. Kò lọ fún ìsinmi kankan lójú tèmi. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wa ní ìpàdé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi dá ìwé ẹnì kan padà, Mọ̀mí ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa pè ní ilé ìfowópamọ́ nígbà tí owó bá há, Mọ̀mí náà ni. Nígbà tó wá ṣàìsàn, tí dókítà ní kó jókòó sílé, ẹ̀ka wa dà bí ọjà tí òjò ti tú ká. Kì í ṣe pé a ò fẹ́ ṣiṣẹ́, a ò mọ ibi tí nǹkan wà ni. Ẹnì kan ń tú dúrọ́ọ̀, ẹnì kan ń pè é lórí fóònù níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó wá ń fi ohùn tí kò fẹ́ jáde sọ fún wa pé inú fáìlì aláwọ̀ ewé ni ìwé náà wà, kì í ṣe aláwọ̀ búlúù.

Mọ̀mí ò fi ìmọ̀ pamọ́ o. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún un láyè kó kọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ìyìn tí wọ́n ń rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ń yìn ín nítorí pé kì í sinmi, ta ló wá máa dìde sọ pé ó yẹ kó sinmi?

Àwọn ilé ìfowópamọ́ ti mọ ewu yìí tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tiwọn yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, FDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí aráàlú fi pamọ́, ti pẹ́ tó ti ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí òṣìṣẹ́ tó wà nídìí nǹkan pàtàkì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ́dún, kí ẹlòmíràn sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìwé dọ́gbọ́n kì í lè fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn wò. Ẹ wo Jérôme Kerviel, tó ń fi owó ilé ìfowópamọ́ Société Générale ra ọjà ìdókòwò ní Faransé. Ní 2008 ni ilé ìfowópamọ́ náà kéde pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.9 owó Yúrò ti bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọjọ́ mẹ́rin péré lòun fi sinmi ní 2007, àti pé ó yẹ kí ìyẹn ti ta àwọn ọ̀gá òun lólobó.

Mi ò sọ pé olè ni ẹni tí kì í lọ fún ìsinmi. Ọwọ́ Mọ̀mí mọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ló sì máa rí ọ̀nà tó yá ju bó ṣe ń ṣe é lọ?

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá jókòó ṣètò. Orí kàlẹ́ńdà ni ìjà ti kọ́kọ́ bẹ́. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ lọ lásìkò tí àwọn ọmọ iléèwé bá wà nílé. Àwọn òbí ní àwọn ló ni í. Àwọn tí ò tíì bímọ ní ó ti sú àwọn láti máa yẹ̀nà fún wọn lọ́dọọdún. Ọ̀dọ́kùnrin kan fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé òun náà ní ìyá tó fẹ́ rí òun. Ibi tí a parí rẹ̀ sí kò le: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kálukú á kọ àsìkò méjì tó fẹ́. Ẹni tó bá rí àsìkò tí gbogbo ayé ń dù gbà lọ́dún tó kọjá á bọ́ sẹ́yìn lọ́dún yìí. Ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ kan náà ò gbọdọ̀ lọ pọ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, kò sì sí pé ẹnì kan ń gba ẹ̀yìn lọ bá ọ̀gá mọ́. Ètò yìí mú wa sún mọ́ra ju gbogbo eré tí wọ́n máa ń kó wa lọ ṣe níta pé kí ìṣọ̀kan wà. Bí ọ̀gá kan bá sọ fún yín pé ẹbí kan ni wá níbí, ẹ bá mi bi í pé kàlẹ́ńdà dà.

Bí a ṣe ń fa iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́ ló tún le jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa kẹ́yìn, wọ́n á wá yára to gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lóòjọ́ sínú ìméèlì. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Ẹni tó fẹ́ dúró fún yín ti mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí ẹ bá a dé: èwo ló wà lágbede-méjì, ìdáhùn ta ni ẹ ń dúró dè, ọjọ́ wo ló yẹ kó pè é bí kò bá dáhùn, èwo ló lè dẹ́rù bani àmọ́ tó lè dúró dìgbà tí ẹ máa dé. Ohun tí wọ́n sì máa ń gbàgbé jù lọ ni ibi tí àṣẹ rẹ̀ mọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: èyí, kó ṣe é láìbi ẹnikẹ́ni, èyí, kó bi ọ̀gá, èyí, kó má fọwọ́ kàn án.

Èyí tó dára jù tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ fún mi rí kò gùn. Ó ní: “Bí bàbá yìí bá pè, ìbínú ló máa gbé wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán. Ọjọ́ tí owó máa wọlé ni wọ́n fẹ́ gbọ́, àmọ́ ẹ má dá ọjọ́ fún wọn bí ẹ̀ka ìsanwó ò bá tíì fọwọ́ sí i.” Bàbá náà pè lóòótọ́. Bí kì í bá ṣe ìlà mẹ́rin yẹn ni, ǹ bá ti dájọ́ fún wọn kí n lè ráyè sinmi lẹ́nu wọn.

Ìwé nìkan ò tó. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí ẹni náà ṣe iṣẹ́ ọ̀hún lójú yín. Kì í ṣe pé ẹ̀yin ń ṣe, òun ń wò. Òun ni kó ṣe é, kí ẹ̀yin káwọ́ gbera. Ó máa ń nira fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, mo mọ̀. Àmọ́ níbi tó bá ti dúró láti bi yín ní ìbéèrè, ibẹ̀ gan-an ni ìwé yín ti ṣófo. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín o, bó ti wù kí ẹ fọkàn tán an tó. Ẹ ní kí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ṣí ọ̀nà fún un ní orúkọ ara rẹ̀, kí ẹ sì tètè béèrè, torí ó lè gba ọjọ́ díẹ̀.

Ohun mìíràn kan wà tí àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́: ẹnì kan ò lè ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Kí ẹ tó lọ, ẹ̀yin, ọ̀gá, àti ẹni tó máa dúró fún yín, ẹ jọ fàlà sí ìdí ohun tó máa sùn dìgbà tí ẹ bá dé. Bí wọ́n bá ní kò sí èyí tó máa sùn, ẹ má gbà kí akẹgbẹ́ yín máa dá òru mọ́ ọ̀sán nítorí ìsinmi yín. Ó máa san án padà fún yín lọ́nà kan ṣá, ẹ ò sì ní lè dá a lẹ́bi.

Ní ti ìlọsíwájú ara ẹni, ìgbà tí mo dúró fún olórí ẹ̀ka ìsanwó ni ojú mi là. Kó tó dìgbà náà, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi gbà pé ọwọ́ bùọ̀dá yẹn kò yá. Ìgbà tí mo jókòó sórí àga rẹ̀ ni mo rí i pé ìbuwọ́lù méjì ló máa ń dúró dè, àti pé ìwé kan tí ẹ̀ka tiwa ń gbàgbé láti fi ránṣẹ́ ló fà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìwé yẹn síwájú fáìlì. Mo tún kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tó gbé “rárá” wá: ìdáhùn ni kó kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tí ẹni náà ṣì lè ṣe. Nígbà tó padà dé, mo lọ bá a pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí lẹ́tà wọ̀nyẹn ṣì máa wà lọ́wọ́ mi, kí ẹ sì máa bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.” Ó ní kò burú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ dúró fún padà dé kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ fún un tán. Ẹ tọrọ èyí tí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ti mọ̀.

Ìsinmi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pani. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún sún mọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Àdéhùn àgbáyé kan sì wà láti 1970, nọ́ńbà rẹ̀ ni 132, tó ní kí òṣìṣẹ́ rí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbà lọ́dún, kí owó oṣù rẹ̀ má sì dúró. Apá kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò já, àyàfi bí wọ́n bá fẹnu kò sí nǹkan mìíràn. Gbogbo orílẹ̀-èdè kọ́ ló buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí kò já yẹn gidigidi. Àwọn tó ń gé ìsinmi wọn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ilé ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara ṣì ń gbọ́ ohùn fóònù tí kò dún. Ọ̀sẹ̀ kejì ni oorun gidi máa ń dé.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi àsìkò náà kọ́ nǹkan tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ò sí níbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kí ẹ kọ́ nǹkan, kó yọ wákàtí fún un láàárín ọ̀sẹ̀ iṣẹ́.

Fóònù ló kù. Ní 2014, ilé iṣẹ́ Daimler ní Jámánì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láǹfààní pé kí ìméèlì tó bá dé nígbà tí wọ́n wà nínú ìsinmi pa ara rẹ̀ rẹ́, kí ẹni tó fi ránṣẹ́ sì rí orúkọ ẹlòmíràn tó lè kọ̀wé sí. Ó wù mí, àmọ́ a ò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè pe ẹni tó wà nínú ìsinmi, ìpè ni kó sì pè. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ò sí nínú àdéhùn, torí ohun tí ò bá tó pè kì í ṣe pàjáwìrì. Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ó bá pè yín ní tààràtà, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú sà, ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró fún mi, àwọn ló mọ ibi tó dé báyìí.” Ọ̀gá tèmi gbà á. Ti ẹlòmíràn lè fajú ro o, kí n má tàn yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà, ẹ má fi ìpàdé kankan sí i. Ẹ má sì kọ́kọ́ ṣí ìméèlì. Ẹ lọ jókòó ti ẹni tó dúró fún yín, kí ó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ṣe ìpinnu tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má yí i padà lójú oníbàárà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ọ̀gá, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣe gan-an. Lẹ́yìn náà kí ẹ jọ wò ó, èwo nínú iṣẹ́ náà ló máa kù sọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ máa lò lọ́dún tó ń bọ̀.