Igbá Mẹ́rin, Agbálùmọ̀ Méjì: Ìmúra Ọjọ́ Ìbí Kékeré

Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025

Alẹ́ àná lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, a jókòó síta, ọyẹ́ ń fẹ́, oṣù tuntun sì yọ lápá ìwọ̀ oòrùn, ó tín-ín-rín bí èékánná. Nǹkan funfun kan ń tàn yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kékeré (àbíkẹ́yìn mi nìyẹn, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ò kéré) bi ìyá bàbá rẹ̀ pé kí ni. Màmá ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Àgùàlà ni. Ajá òṣùpá. Ibi tóṣù bá ń lọ ló ń bá a lọ.”

Ọmọ dákẹ́ díẹ̀, ó yíjú sí mi: “Mọ́mì, ṣé ajá yẹn lè wá síbi ọjọ́ ìbí mi?”

Ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ló máa pé ọmọ ọdún 7, Sátidé ló sì bọ́ sí. Ìrẹsì àti bàlúùnù ni mo ti ní lọ́kàn, bíi tàwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í dúró jẹ́ẹ́. Aṣọ rírán ni mo fi ń jẹun. Ohun tí mò ń fi páálí, àkísà àti igbá ṣe lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, tèmi nìyẹn, kò sí fún títà. Mo ti pinnu pé ojú ọ̀run la máa gbé wá sínú ọgbà: oòrùn, oṣù, plánẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àti ọkọ̀ tí ń gbé èèyàn lọ sókè.

Ọjọ́ 6

Mo rí àwọn plánẹ́ẹ̀tì oníbébà tí wọ́n ń tà lọ́jà fún síso kọ́. Júpítà àti Ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara wọn. Inú bí mi, mi ò sì mọ ìdí tó fi bí mi tó bẹ́ẹ̀. Bóyá torí pé télọ̀ ni mí. Kò sí bí mo ṣe máa wọn èèyàn méjì kí n wá rán aṣọ kan náà fún wọn.

Àkọ́bí mi tó wà ní SS2 bá mi jókòó pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo ní a ó kọ́kọ́ wá ohun tá a máa pè ní Ayé. Agbálùmọ̀ wà nínú abọ́ níwájú wa, àsìkò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, mo mú ọ̀kan, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4. Ó parí. Kìlómítà 12,742 ni ìbú Ayé gangan. Gbogbo èyí tó kù, agbálùmọ̀ yìí la ó fi díwọ̀n wọn.

Ẹnu yà mí nígbà tí ọmọ ń ka èsì. Máàsì kò ju ẹyìn ọ̀pẹ kan lọ, sẹ̀ǹtímítà 2 àti díẹ̀, ẹyìn sì ti pupa fúnra rẹ̀, mi ò ní í kùn ún rárá. Mẹ́kúrì, ẹ̀kùrọ́ kan. Oṣù wa, ẹyọ ẹ̀pà kan tí a ti bó. Àgùàlà (plánẹ́ẹ̀tì lòun náà, òun ni ìwé ń pè ní Fínọ́ọ̀sì) fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ayé, nítorí náà agbálùmọ̀ kejì tó kéré díẹ̀. Yúránọ́ọ̀sì àti Nẹ́ptúùnù jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 16, 16. Sátúùnù tó 37. Júpítà jẹ́ 44. Mo yí i sí ínṣì kí n lè fojú inú rí i: bí mo bá ta téèpù yí Júpítà ká, ó máa jẹ́ ínṣì 54. Ti Ayé, ínṣì 5. Àwọn tó ń ta bébà yẹn ò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Oòrùn ni ò bọ́ sí i. Mítà 4 àti sẹ̀ǹtímítà 37. Yàrá wa ò tó bẹ́ẹ̀. A fi í sílẹ̀ ná.

Àkọ́bí bèèrè pé Plúútò ńkọ́, bàbá rẹ̀ náà sì ta kú pé mẹ́sàn-án làwọn kọ́ nílé ìwé. Mẹ́sàn-án ni lóòótọ́ nígbà yẹn. Ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ sánmà yọ ọ́ kúrò láàárín wọn. Bàbá Kékeré ní òun ò gbọ́.

Ọjọ́ 9

Ọjà Akẹ̀sán. Ọ̀yọ́ la wà, ibi tá a ti ń fín igbá láti ọjọ́ pípẹ́, kí ni mo fẹ́ fi bébà ṣe? Mo bá màmá onígbá kan níbi tó to ọjà rẹ̀ sí.

“Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá.”

“Àṣẹ o, oníbàárà mi. Èwo la fẹ́? Ti ìyàwó ni àbí ti ìdáná?”

Mo ní igbá méjì tó bá ara wọn dé ni mo fẹ́, kí ó ṣe rogodo, kí ínṣì rẹ̀ jẹ́ 54. Mo yọ téèpù lọ́rùn mi. Màmá wò mí títí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ta igbá, òun ò rí ẹni tó wọn ìbàdí igbá rí. Ó wá bá mi wá a ṣá o. Ọmọ rẹ̀ gun orí àpótí, ó ń sọ igbá sílẹ̀ ní méjì méjì, èmi ń ta téèpù: 48, 60, 51, 55. Mo gba 55. Ó rẹlẹ̀ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kò ṣe rogodo délẹ̀, mo sì fẹ́ dá a padà tẹ́lẹ̀, kí n tó rántí pé Júpítà gan-an kò ṣe rogodo. Yíyí tó ń yí kíákíá (wákàtí 10 péré ni ọjọ́ kan níbẹ̀) ló jẹ́ kí ikùn rẹ̀ yọ. Sátúùnù tún rẹlẹ̀ jù ú lọ. Igbá gan-an ló yẹ wọ́n.

Igbá ńlá méjì, igbá kékeré méjì, gbogbo rẹ̀ mẹ́rin, méjì méjì tó dé ara wọn. Mo ná an, màmá ò gbà, ó ní iye tí òun fi gun àpótí nìyẹn.

Ọjọ́ 14

Júpítà ya.

Mò ń fi ọ̀bẹ ha etí igbá òkè kó lè jókòó dáadáa sórí tìsàlẹ̀, mo gbọ́ “pọ̀ọ́”, ìlà kan sì sáré láti etí wọnú, ó tó ínṣì 3. Mo jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ẹ má bi mí léèrè. Màmá jáde, ó wò ó, ó ní, “Ìyàwó, ṣebí abẹ́rẹ́ lo fi ń jẹun? Gán an.”

Mi ò gán igbá rí. Àwọn àgbà ló mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi àkísà tútù bò ó títí tó máa fi rọ̀ díẹ̀, nítorí gbígbẹ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa ya síwájú. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ki irin tín-ín-rín bọ iná títí á fi pọ́n, kí n fi lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà náà, kí ihò má sún mọ́ ìlà jù, kí wọ́n sì kọjú síra wọn. Èéfín rẹ̀ ń rùn bí igi tútù. Ihò 7 lápá ọ̀tún, 7 lápá òsì. Mo fi okùn tó nípọn tí mo ti fi ìda pa rán an, mo fà á díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń fún bùbá tó fún jù, ìlà náà sì pa ẹnu dé. Màmá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti inú. Ó ní, “Ó kú díẹ̀ kó o di onígbá.”

Ojú rírán náà ò dára wò. Ṣùgbọ́n Júpítà ní àpá pupa ńlá kan lára, ìjì ni, ìjì tó fẹ̀ ju Ayé wa lọ. Mo lẹ aṣọ mọ́ ibẹ̀, mo pò osùn mọ́ gúlúù, mo kùn ún. Nínú ìwọ̀n wa, ó yẹ kí àpá yẹn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Tèmi jẹ́ 8. Àkọ́bí mi ti rí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ìjì náà tóbi jù báyìí lọ láyé àtijọ́, ó ń sún kì ni. Òótọ́ sì ni. Ti àtijọ́ ni mo ṣe.

Ọjọ́ 19

Kíkùn. Ẹfun fún Àgùàlà. Aró fún Nẹ́ptúùnù. Yúránọ́ọ̀sì, aró tí mo fi ẹfun là. Sátúùnù, ọ̀dà ìyeyè díẹ̀ tó kù lára ilẹ̀kùn. Òrùka rẹ̀ ni mo gé láti ara páálí fíríìjì, ó fẹ̀ ju ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀ lọ, ó ń gba gbogbo ẹnu ọ̀nà.

Mo so wọ́n kọ́ sára igi máńgòrò kí wọ́n lè gbẹ, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, àwọn aládùúgbò wa méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé. Igbá, ẹfun, osùn, lára igi, ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Ọ̀kan fà mí sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́: “Ìyá Kékeré, ṣé kò sí nǹkan? Bí nǹkan bá wà, ẹ sọ ọ́, ká jọ gbàdúrà.” Mo ṣàlàyé. Ó mi orí. Mi ò rò pé ó gbà mí gbọ́, torí nígbà tí ọmọ rẹ̀ sáré lọ fọwọ́ kan Sátúùnù, ó fi ariwo pè é padà.

Ọjọ́ 23

Ọkọ̀ òfuurufú. Páálí fíríìjì tó kù ni mo ká, mo fi lẹ́ẹ̀dì gbàgùúdá lẹ bébà ìròyìn sí i ní ìpele mẹ́ta. Mo ṣe ìyẹ́ mẹ́rin sí i nídìí. Mo sá a sóòrùn. Ewúrẹ́ ilé kejì wọlé, ó jẹ ìyẹ́ méjì àti ilẹ̀kùn. Mi ò bá a jà, èmi náà mọ̀ pé lẹ́ẹ̀dì yẹn dùn ún gbóòórùn. Ìyẹ́ tuntun ni mo ṣe, mo sì po ata gbígbẹ mọ́ lẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó sín, ó lọ.

Ọjọ́ 28

Aṣọ àwọn ọmọ, 12. Àjẹkù aṣọ funfun sùtánà tí mo rán fún ìjọ kan ni mo lò. Nígbà tí Kékeré wọ àkọ́kọ́, ó jọ ẹni tó fẹ́ lọ gbé tùràrí. Mo fi àpò sí àyà, mo rán páìpù dúdú mọ́ ọn lẹ́yìn, mo lẹ àsíá Nàìjíríà sí èjìká. Ó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀.

Ó bèèrè pé ṣé Nàìjíríà ní nǹkan kan lókè lọ́hùn-ún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni: ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2003 ni wọ́n gbé NigeriaSat-1 sókè láti Rọ́ṣíà, ó ya àwòrán ibi tí ìjì Katrina bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005. Ó gba agolo sadíìnì lọ́wọ́ mi, ó fi bébà sígá tó ń dán bò ó. Ìyẹn ni NigeriaSat wa. Kò bá ìwọ̀n mu rárá, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́, mo wá Ayé lórí tábìlì, mi ò rí i. Kóro rẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú àwo. “Ta ló jẹ Ayé?” Bàbá Kékeré nu ẹnu, ó ní, “Ìgbà wo lẹ fẹ́ kí n jayé tí mi ò bá jẹ ẹ́ báyìí?”

Ọjọ́ 31

Oòrùn ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ilẹ̀ ni. Mo kan èèkàn sáàárín ọgbà, mo so okùn ínṣì 86 mọ́ ọn, mo fi eérú fa ìlà yí i ká. Inú oòrùn làwọn ọmọ máa jókòó sí, lórí ẹní.

Àkọ́bí fẹ́ mọ ibi tó yẹ ká gbé Ayé sí. Ó ṣírò rẹ̀: mítà 470. A jáde, a ń ka ẹsẹ̀, a kọjá ilé alágbẹ̀dẹ, a kọjá ẹ̀rọ ọlọ, a dé títì. Níbẹ̀ ni agbálùmọ̀ yẹ kó wà. Nẹ́ptúùnù ńkọ́? Kìlómítà 14, lọ́nà Fìdítì. Mo ní ká padà sílé. Igi máńgòrò ló máa gbé gbogbo wọn. Ibi tí mi ò ti rẹ́ ẹ jẹ ni ti oṣù: mo so ẹyọ ẹ̀pà náà mọ́ fọ́nrán òwú, ó fi sẹ̀ǹtímítà 120 jìnnà sí agbálùmọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

Sátidé, ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé

Mò ń kọ èyí pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ọmọ 12 la pè, 19 ló wá. Ìrẹsì tó, ọpẹ́ ni fún Màmá tó ní kí n fi kóńgò méjì lé e. Wàrà tí a dín la pè ní òkúta òṣùpá, òun ló kọ́kọ́ tán. Wọ́n wọnú ọkọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta, àwọn tó wà níta á kà á: ẹ̀wá, ẹ̀sán, ẹ̀jọ, èje, ẹ̀fà, àrún, ẹ̀rin, ẹ̀ta, èjì, ení, ó ti gbéra! Ẹni tó bá jáde á fò bí ẹni pé ilẹ̀ ń tì í sókè. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ilẹ̀kùn ya. Ọmọ aládùúgbò wa yẹn wà níbẹ̀; ìyá rẹ̀ gan-an ló bá wa pín sóbò.

Mo ti mọ̀ pé oṣù àti Àgùàlà á tún sún mọ́ra lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Oòrùn wọ̀, eruku wà lójú sánmà. Àwọn òbí ti ń wá kó ọmọ wọn. Ìgbà tó di aago méje kọjá díẹ̀ ni oṣù jáde lókè òrùlé, òun àti Àgùàlà, ó ń tàn débi pé ọmọ kan ní iná bàálù ni.

“Ajá òṣùpá ti dé!” Màmá ló pariwo, kì í ṣe ọmọ.

Kékeré wo òkè, ó wo igi máńgòrò. Ó lọ di ẹyọ ẹ̀pà mú lọ́wọ́ kan, ó di agbálùmọ̀ oníẹfun mú lọ́wọ́ kejì, ó gbé wọn lọ bá ìyá bàbá rẹ̀.

“Màmá, ajá yìí tóbi ju ẹni tó ni ín lọ.”

Màmá gba ẹ̀pà náà, ó wò ó. Ó ní, “Ọ̀nà ló jìn sí i, ọmọ mi,” ó sì jù ú sẹ́nu.

Ọjọ́ 3

Mo ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ewúrẹ́ ti jẹ ìyókù ọkọ̀, àfi ìyẹ́ aláta. Sátúùnù wà lókè ibùsùn Kékeré. Màmá ti gba ìlàjì Júpítà tí kò ya, ó ti fi kanrin fọ̀ ọ́. Èlùbọ́ ló wà nínú rẹ̀ báyìí.