Ọmọ tó gé aṣọ kúrú

Ògbómọ̀ṣọ́, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Owó tí n kò rò tẹ́lẹ̀ jáde lápò mi lónìí, síbẹ̀ inú mi dùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ mi gé aṣọ oníbàárà kúrú, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi kí n tó rí i. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ ọdún 15 ni, ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà.

Àǹkárá bàbá kan ládùúgbò wa ni, bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n fẹ́ wọ̀ síbi ìnáwó. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i kí n tó jáde lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ní Sábó. Bí mo ṣe wọlé, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù doríkodò sídìí ẹ̀rọ wọn. Òun ló dìde. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó na apá bùbá gbọọrọ kí n lè rí ibi tó ti bàjẹ́, ó wá dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Èmi ni mo gé e. Ìlà méjì ni mo rí, èyí tí kò yẹ ni mo tẹ̀lé."

Mo fi tépù wọ̀n ọ́n. Ínṣì 4 ló fi kúrú, aṣọ kò sì ṣẹ́ kù tí a lè fi lé e. Mo bi í pé ta ló ní kó gé e. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí òun gé e, òun kàn fẹ́ kí n dé bá a pé iṣẹ́ ti lọ síwájú ni. Mo gbà á gbọ́. Ọmọkùnrin tó bá ń bàlágà máa ń fẹ́ kí àgbà rí i pé òun ti tó nǹkan ṣe. Àwọn onímọ̀ ìlera sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé apá iwájú ọpọlọ, èyí tó ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò, kì í gbó tán títí èèyàn fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gé e kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì fi nílò àgbà nítòsí.

Bí mo bá gbá a létí lójú ẹsẹ̀, kí ni àwọn tó kù máa rí kọ́? Wọn ò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n máa mú lọ sílé ni pé ẹni tó jẹ́wọ́ ló ń jìyà, ẹni tó bá fi pamọ́ lè mú un jẹ. Ó rọrùn kí ọmọ yìí ti aṣọ náà sábẹ́ àwọn yòókù, tàbí kó tì í sí ẹni tó kéré jù lọ́rùn. Kò ṣe é.

N kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré o. Mo mú un dání lọ bá bàbá náà, mo ní òun ni yóò sọ ọ́. Bàbá bi í pé, "Ṣé ìwọ lo gé e?" Ó ní, "Èmi ni, sà. Ẹ má bínú." Bàbá wò ó títí, wọ́n ní tí a bá ti lè rí irú rẹ̀ rà, kò burú, ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn máa wọ̀ ọ́. Nígbà tí a ń lọ sọ́jà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ba ọ̀pọ̀ ọkùnrin jẹ́ nílẹ̀ wa: wọ́n dàgbà tán, ìbínú nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n fi hàn. A rí aṣọ náà, mo sanwó, ó gbé e. Òun ni yóò rán bùbá náà lójú mi, òun náà ni yóò sì máa gbẹ́yìn gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni ohun tí à ń rí níta. Láti 1990 tí yunifásítì LAUTECH ti wà nílùú yìí, ọ̀dọ́ kún àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń kàwé, tó tún ń fi iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́ bùkátà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń wa ọkọ̀ bọ̀gìnnì tẹ́nikẹ́ni ò mọ iṣẹ́ wọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ń wò wọ́n. Wọ́n máa ń ní ojúkòkòrò ló ń gbé ọmọ dé ìdí yáhù. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo irọ́ náà. Ọmọkùnrin á pe ara rẹ̀ ní ọmọge, á pe ara rẹ̀ ní ṣọ́jà Amẹ́ríkà, á máa pa irọ́ kan náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò ní rẹ̀ ẹ́. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wá. Ẹlòmíì ti ń fi dánra wò láti kékeré, nínú ilé tó jẹ́ pé kóbókò ni èrè òtítọ́.

Nílé kan náà, ọmọbìnrin á gbálẹ̀, á fọ abọ́, á jíṣẹ́ owó tí wọ́n fi rán an lọ́jà. Ọmọkùnrin á gbá bọ́ọ̀lù délẹ̀, wọ́n á ní ọkùnrin ni, ẹ fi í sílẹ̀. Níbo ló ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́ nǹkan tó wà níkàáwọ́ rẹ̀? Ìlú Onítẹ̀bọmi ni Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ wa la sì ṣe RA (Royal Ambassadors), ẹgbẹ́ ọmọkùnrin tí àwọn obìnrin Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1908. Máàṣì dùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wúlò fún mi jù ni àpótí owó tí wọ́n máa ń fi sọ́wọ́ ọmọdé, tí wọ́n á sì ní kó ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo wa. Láti ọjọ́ Ajé, ọwọ́ ọmọ tó gé aṣọ yìí ni owó òwú àti bọ́tìnnì máa wà, pẹ̀lú ìwé tí yóò máa kọ ọ́ sí.

Màmá rẹ̀ ti gbọ́, wọ́n ti pè mí lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀ wá fojú rẹ̀ rí nǹkan. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má nà án lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ wá, kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á bá bùbá náà lórí ẹ̀rọ rẹ̀.