Ìforígbárí Tó Nítumọ̀ Nínú Ìtàn

Lálẹ́ àná, mo kọ ìran kan nínú ìtàn tó wà lọ́wọ́ mi, níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń fa ọ̀rọ̀ ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ tà á kí ó lè rí owó ìtọ́jú ìyá wọn san. Àbúrò kọ̀ jálẹ̀, nítorí ó ti ṣèlérí fún bàbá, kí ó tó dákẹ́, pé ilé náà kò ní bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Kò sí ọ̀dájú nínú àwọn méjèèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára ìran náà wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbé ìwé ilé sórí tábìlì, tí àbúrò sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀, mo mọ̀ pé n kò nílò ariwo tàbí ẹ̀ṣẹ́ rárá. Lójú tèmi, ìforígbárí tó ń wọ òǹkàwé lára ni èyí tí ẹni tó borí pàápàá yóò ti pàdánù nǹkan tó fẹ́ràn. Nínú orí tó kàn, ìyá yóò gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, òun náà yóò sì ní èrò tirẹ̀ tí kò ní bá ti ọmọ kankan mu.