Ẹ rin máàpù yín lófìfo kí ẹ tó gbin igi kan sí i

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì gbóná lára mi, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́ nísinsìnyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya máàpù fún géèmù RPG, irú géèmù tí èèyàn ti ń darí akọni kan rìn káàkiri inú ìtàn, yálà ètò kọ̀ǹpútà RPG Maker lẹ fi ń yà á tàbí Tiled, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: ìpele kan wà nínú iṣẹ́ wa tí kò dùn ún wò rárá, òun gan-an sì ni iṣẹ́.

Àwọn kan gbé iṣẹ́ fún mi níbí n'Ílọrin. Géèmù ọmọbìnrin kan ni, tó ń ru ìkòkò láti agbo ilé amọ̀kòkò lọ sọ́jà, tí ọ̀tá sì ń dènà dè é. Ìlọrin àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe ìlú inú rẹ̀: odò Asà, Òkè Sóbi, Ọjà Ọba, ààfin. MV, ẹ̀yà RPG Maker kan, ni wọ́n fi ń ṣe é, máàpù ìlú ló já lé mi léjìká.

Kí n tó tan kọ̀ǹpútà, mo máa ń kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: kí ni ẹni tó ń gbá géèmù wá ṣe nínú máàpù yìí, ibo ló gbà wọlé, ibo ni yóò gbà jáde? Bí mi ò bá rí ìdáhùn, kò sí máàpù láti yà. Lẹ́yìn náà ni n ó fi báírò to àwọn ibi pàtàkì sórí ìwé, n ó fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì. Ìwé yẹn ni mo mú lọ sí Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò ní Dada. Ìkòkò gun ara wọn lẹ́bàá ògiri, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ṣì tutù, etí wọn ń dán. Mo bi ìyá kan léèrè pé ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà láyé àtijọ́ bí wọ́n bá ru ẹrù lọ sọ́jà. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ru ìkòkò kì í gba ọ̀nà tóóró. Bí ewúrẹ́ bá yọ sí ọ níbẹ̀, ibo lo fẹ́ yà sí?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo fi ya máàpù náà. Gbogbo ọ̀nà tí ọmọbìnrin náà lè gbà, mo ṣe é ní táìlì mẹ́ta ní fífẹ̀; táìlì ni àwòrán kékeré onígun mẹ́rin tí a ń tò pọ̀ di máàpù. Táìlì oríṣi mẹ́ta péré ni mo sì lò fún gbogbo ìlú: ilẹ̀, ògiri, omi. Kò sí òrùlé, kò sí koríko, kò sí ọlọ́jà. Mo so àwọn ẹnu ọ̀nà pọ̀, mo gbé aago síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín. Láti agbo ilé amọ̀kòkò dé afárá, láti afárá dé ọjà. Ibi tó bá sú mi, mo gé e kúrú. Ibi tí mo bá ti ṣìnà, mo ṣí i. Nígbà tí mo fi máa parí, ìlú náà ti di táìlì 51 níbùú, 39 lóòró. Táìlì 17 sí 13 ni MV ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ojú géèmù mẹ́sàn-án péré ni. Ó dùn ún rìn. Mo fi ránṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà pe gbogbo wa sórí ìpè fídíò. Kò sọ fún mi ṣáájú pé máàpù mi lòun fẹ́ fi hàn. Ó ṣí i. Ọmọbìnrin náà dúró láàárín ilẹ̀ aláwọ̀ eérú, ògiri yí i ká. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ọ̀gá rìn díẹ̀, ó kọlu ògiri, ó dúró. Ó wá ní, "Ṣé èyí la san àsansílẹ̀ owó lé lórí?" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, mo sì dá ohùn rẹ̀ mọ̀, èmi àti ẹ̀ ti jọ jẹun rí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn ín dé ọjà ná, ẹ má tíì wo àwọ̀ rẹ̀." Ó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe irú èyí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já. Tánkẹ̀ ni mo wà, iná ti lọ láti àárọ̀, dátà fóònù ni mo fi ń gbé láptọ́ọ̀pù. Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mi bí ẹni tí kò sí níbẹ̀: pé n kò mọṣẹ́, pé ìlú ńlá ni Ìlọrin, kí wọ́n ya á ní táìlì 200 sí 200, MV ṣáà gbà tó 256.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìṣirò náà sínú gúrúùpù WhatsApp wa. Bí akọni inú MV bá ń rìn ní ìwọ̀n tí wọ́n gbé e jáde fún, táìlì 3.75 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Táìlì 200 yóò gbà á tó ìṣẹ́jú-àáyá 53. Ẹ tẹ ọfà mọ́lẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú-àáyá 53, kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ ṣì fẹ́ gbá géèmù yẹn. Kódà bó bá ń sáré, ìdajì rẹ̀ nìyẹn, ó ṣì pọ̀ jù. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ tán tí mo fi rí i pé wọ́n ti yọ mí kúrò nínú gúrúùpù. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ wà lójú fóònù níbẹ̀, kò sì sí ibi tí mo lè fi í ránṣẹ́ sí. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Èébú náà dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé kò rìn ín dé ọjà. Ìrìn kékeré ni. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ì bá rìn ín.

Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ya á, ó rẹwà, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ọjà tí kò ju táìlì kan lọ ní fífẹ̀. Ewúrẹ́ kan tí wọ́n ní kó máa rìn káàkiri wọ ibẹ̀, ó sé ọmọbìnrin náà mọ́ ògiri, kò sí ọ̀nà àbájáde àfi kí èèyàn pa géèmù. Wọ́n pè mí padà. Mo kun máàpù tèmi, òun ló wà nínú géèmù náà báyìí.

Ẹ̀kọ́ kìíní, òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí: ẹ rìn ín lófìfo. Mi ò ní kí ẹ wò ó, mo ní kí ẹ rìn ín, pẹ̀lú aago, láti ẹnu ọ̀nà àbáwọlé títí dé àbájáde. Bí igi àti òrùlé bá ti wọlé, ojú á máa tàn yín, àánú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe kò sì ní jẹ́ kí ẹ lè gé nǹkan kan kúrò. Ògiri aláwọ̀ eérú kò ní àánú, ìṣẹ́jú kan lẹ fi máa pa á rẹ́. Àwọn kan á ní ó yẹ kí n ti kun ún díẹ̀ kí n tó fi hàn. N kò gbà. Ẹni tí ẹ bá fi òdòdó tù lójú kò ní sọ fún yín pé ọ̀nà náà gùn jù.

Ẹ̀kọ́ kejì jọ ti àkọ́kọ́: àkókò ni kí ẹ fi wọn máàpù, ẹ má fi iye táìlì wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ pé ìlú ńlá ni kò kan bí máàpù ṣe máa tóbi tó.

Ní ti kíkún un, omi àti òkè ni kí ó ṣáájú, kí ọ̀nà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilé, ohun ọwọ́ èèyàn ló kẹ́yìn. Ẹ má fọ́n koríko káàkiri bí ẹni fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ kó o jọ síbi kan, kí ẹ fi ibòmíràn sílẹ̀ gbalasa. Ní ti ilé, ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ahunṣọ, òfì á wà níta. Bó bá jẹ́ amọ̀kòkò, amọ̀ tútù àti òkìtì eérú. Ojúbọ kan wà nínú géèmù náà tó ní ère òkúta, wọ́n sì fẹ́ kí n da ère kan ṣoṣo kọ kún ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ wo àwọn ère òkúta àtijọ́ tó wà nílùú Ẹ̀sìẹ́. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ irun orí ẹni kìíní kò jọ ti ẹnì kejì, ẹlòmíràn mú àdá lọ́wọ́, ẹlòmíràn jókòó lórí àpótí. Ère oríṣi mẹ́rin tí wọ́n kó ara wọn jọ tó fún ojúbọ wa.

Òkè la ti ń wo irú máàpù yìí, kò sẹ́ni tó lè rí ilé gogoro mọ́sáláṣí lókèèrè. Nítorí náà kí ojú géèmù kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí kò sí níbòmíràn, kànga kan, igi kan, òkìtì ìkòkò kan, kí èèyàn lè mọ ibi tó wà.

Bí ẹ bá kun ún tán, ẹ tún un rìn. Orí òrùlé àti orí igi, àmì ★ ni kí ẹ fún wọn nínú tileset, ìyẹn àkójọ táìlì yín, kí akọni lè gba abẹ́ wọn kọjá. Bí ẹ bá fi ○ sílẹ̀, akọni yín á máa gun orí ilé àwọn ará ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo MZ, ẹ̀yà tó jáde lẹ́yìn MV, lè fi ọwọ́ yan layer tí ẹ ń yà lé, ìyẹn àwọn ìpele àwòrán tó gun orí ara wọn, MV kò fún wa ní ìyẹn.

Ìyókù owó mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Fún iṣẹ́ tó wà níwájú mi báyìí, máàpù òfìfo ní owó tirẹ̀ nínú àdéhùn, wọ́n á sì san án kí n tó fi òrùlé kan lé ilé. Ẹni tó bá ní kí n yọ ìlà yẹn kúrò, kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.